Ẹ́ńjìnnì Àgbà, Ẹ́ńjìnnì Àbúrò

Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì títì, kí wọ́n bọ́ sápá ọ̀tún, ni wọ́n gbé alùpùpù tuntun méjì wá sí ọ́fíìsì ọkọ mi ní Iléṣà, tí wọ́n ní kó mú ọ̀kan. Ká ní wọ́n ní kó mú ìyàwó kejì ni, kò ní rò ó tó bẹ́ẹ̀. Odidi oṣù kan la fi wà lórí ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì nínú ilé mi.

Mùtàlíbù lorúkọ ọkọ mi, ọmọ Òṣogbo bíi tèmi, iṣẹ́ wolé-wolé ló ń ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ bá dàgbà díẹ̀ á mọ wolé-wolé: aláṣọ kákí tó ń wọ agboolé alágboolé, tó ń yọjú sínú àmù. Tó bá rí tanwíjí, ìyẹn ọmọ ẹ̀fọn tó ń jù fìrìfìrì nínú omi, á fi ìwé pè ọ́ sí kóòtù. Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn wọn. Èmi tí mo fẹ́ ọ̀kan sílé gan-an, ọjọ́ mìíràn wà tí mi ò fẹ́ràn ẹ̀, torí bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kó tó kí mi, àmù tèmi ló kọ́kọ́ máa ń ṣí.

Wọ́n ti gbé e láti Òṣogbo wá sílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tipẹ́. Ọ̀nà Ìfẹ́wàrà àti àwọn abúlé tó yí i ká, dé apá Ìtagúnmodì níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù, òun ló ń wò ó. Ọ̀nà òkè ni, ọ̀nà ẹrẹ̀ ni, alùpùpù ọlọ́nà jíjìn nìkan ló lè rìn ín. Èyí tó ń gùn tẹ́lẹ̀ ti gbó. Lọ́jọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó lè sítáàtì, alùpùpù bá ta á padà, egungun ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ dá. Nígbà tó san, dókítà sọ ọ́ lójú èmi àti ẹ̀ pé bí egungun yẹn bá tún dá níbẹ̀, ọ̀pá ni yóò máa fi rìn títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Èmi ni mo ń fi omi gbóná jó ẹsẹ̀ yẹn láràárọ̀. Mo mọ bó ṣe máa ń di eyín pọ̀ tí mo bá kàn án.

Ẹ wá wo alùpùpù méjì. Orúkọ kan náà ni, tánkì kan náà, ìjókòó gígùn, àpò ẹrù ńlá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tẹ́ ẹ bá wò wọ́n láti òkèèrè, ìbejì ni. Ẹ́ńjìnnì nìkan ni kò jọra. Ọ̀kan ní irú ẹ́ńjìnnì tí ọkọ mi ti ń gùn bọ̀, èkejì ní irú tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe jáde. Wọ́n ní kó gùn wọ́n wò, kó mú èyí tó wù ú tí oṣù bá parí, èyí tó bá ṣẹ́kù, Silas Ògúnṣẹ̀yẹ, wolé-wolé tó ń wo apá Ìdó-Ọ̀ṣun, ni yóò gbé e lọ.

Olúmúyìwá mẹkáníìkì, ọmọ Iléṣà tó ń tún ọkọ̀ ọ́fíìsì ṣe, ló sọ wọ́n lórúkọ. Ó pe ọ̀kan ní Àgbà, ó pe èkejì ní Àbúrò.

"Ọ̀gá, ẹ gbọ́," ó sọ fún ọkọ mi. "Àgbà yìí, písítìn kan ṣoṣo gbàǹgbà ló wà níkùn ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń sọ gbùú, gbùú, tí ilẹ̀ ń mì. Bó bá kú sínú igbó, ẹni tó bá ní sípánà àti sùúrù á jí i. Àmọ́ ẹsẹ̀ lẹ máa fi tẹ kíìkì ẹ̀, bí inú ẹ̀ ò bá sì dùn lọ́jọ́ náà, ẹ mọ ohun tó ń ṣe."

"Mo mọ̀ ọ́n," ni ọkọ mi wí.

"Àbúrò, písítìn kéékèèké méjì ló ń bára wọn ṣe é. Bí ọ̀kan ṣe ń lọ lèkejì ń bọ̀, ìyẹn ni kì í jẹ́ kó gbọ̀n. Bọ́tìnnì ló ní. Ẹ tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó ti dìde. Ṣùgbọ́n tí bátìrì ẹ̀ bá kú lójú ọ̀nà, ẹ máa tì í délé ni o."

Kó tó sọ̀rọ̀ tán, èmi ti mú tèmi. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń fi ìka kan jí wà níbẹ̀, kí ni ẹlẹ́sẹ̀ dídá tún ń rò sí? Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ kì í jẹ ẹ̀bà láìyẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun máa fi Àbúrò ṣiṣẹ́ ná, òun ó sì máa wò ó.

Aṣọ àdìrẹ ni mò ń tà, mo sì máa ń bá a lọ sí Ìfẹ́wàrà lọ́jọ́ ọjà, èmi lẹ́yìn, ẹrù mi nínú àpò méjèèjì. Lórí alùpùpù àtijọ́, tá a bá fi máa dé, ìdí mi á ti kú tipiri, etí mi á máa hó. Lórí Àbúrò, Wàláhì, mo gbọ́ tí ọkọ mi ń kọrin. Mi ò mọ̀ pé ó mọ orin í kọ. Ó yíjú díẹ̀, ó bi mí bóyá ẹrù ò wúwo. Mo dá a lóhùn, ó sì gbọ́ mi. A sọ̀rọ̀ Àdíját ọmọ wa tó wà nílé ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni. A sọ̀rọ̀ ìyá mi. A ṣe àwàdà nípa àwọn Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń pe ilé ní ulé. Lọ́kọláya tá a ti jọ ń gbé látijọ́, orí alùpùpù yẹn la ti wá rí i pé ọ̀rọ̀ ṣì wà láàárín wa. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ kí ọ̀nà náà gùn sí i.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ìkejì wọlé, ni ojú ọkọ mi bá yí padà.

"Ìyá Àdíját," ó ní, "nǹkan kan ń ṣe Ìfẹ́wàrà."

Ó ní tanwíjí ti kún gbogbo agboolé. Agolo, àmù, ìkòkò ìdí ògiri, gbogbo rẹ̀ ló ń jù fìrìfìrì. Ọ́fíìsì ń yìn ín, torí kò tíì mú èèyàn tó bẹ́ẹ̀ lọ sí kóòtù rí, wọ́n ní alùpùpù tuntun ti là á lójú. Inú òun ò dùn rárá.

"Látìgbà tí mo ti ń wò wọ́n, ìlú tó mọ́ jù lọ́wọ́ mi nìyẹn," ó ní. "Ṣé wọ́n kàn jí lọ́jọ́ kan ni, wọ́n ní àwọn ò fọ àmù mọ́?"

Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ó ní bóyá òjò ọdún yẹn ló pọ̀ jù. Ó lọ wo odò tí wọ́n ti ń pọn omi, kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ó bu tanwíjí sínú ìgò ó gbé e wálé, ó gbé e ka orí tábìlì tí mo ti ń ká aṣọ, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tuntun. Inú bí mi. Mo ní kó gbé ọmọ ẹ̀fọn ẹ̀ kúrò níwájú mi. Ó gbé e lọ sójú fèrèsé, ó tún ń wò ó.

"Bí wọ́n ṣe ń jù náà ni wọ́n ń jù tẹ́lẹ̀," ó ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀. "Kí ló wá yí padà?"

Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e ni mo gbọ́ ohun tó yí padà. Ọ̀dọ̀ Susannah ni, ọmọbìnrin kan tó máa ń ra aṣọ lọ́wọ́ mi. Obìnrin oko ni, apá ẹ̀ le, ẹnu ẹ̀ náà le. Ọkọ mi ti mú un lọ sí kóòtù nítorí àmù kan, mo rò pé kò ní yà sọ́dọ̀ mi mọ́. Ó yà. Ó pọn ọmọ ẹ̀ sẹ́yìn, orí ọmọ náà sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo fọwọ́ kàn án, ara ẹ̀ gbóná bí ààrò.

"Ibà ni," Susannah ní. "Ẹ̀ẹ̀kejì rèé láàárín oṣù yìí. Kì í sì í ṣe òun nìkan, agboolé wa kún fún un. Ìyá Àdíját, ẹ bá wa bẹ bàbá kí wọ́n gbé alùpùpù àtijọ́ yẹn padà wá."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Kí ló kan alùpùpù nínú ibà?"

"Ìró ẹ̀ ni," ó ní. "Tó bá ti ń gun òkè bọ̀ láti ọ̀nà Iléṣà, a ti máa ń gbọ́ ọ. Kó tó gùn ún tán, kó sọ̀ ọ́, kó tún gun èkejì, a ti da omi àná nù, a ti fọ àmù, a ti da ojú agolo délẹ̀. Tí bàbá bá wọlé, wọ́n á bá a bó ṣe yẹ. Ìgbà mìíràn wọn kì í tiẹ̀ dúró. Abúlé mìíràn ni wọ́n ń lọ, àwa ò mọ̀, a ti fọ̀ ọ́ ná. Lálọ lábọ̀ ni. Tuntun yìí, kó o tó mọ̀, wolé-wolé ti dúró tì ọ́ lẹ́yìn."

"Ṣé ẹ ò lè fọ àmù láìjẹ́ pé ẹ gbọ́ ìró ni?"

"Ta ni í rántí?" ó ní. "Oko wà níbẹ̀, kòkó wà níbẹ̀, ọmọ wà níbẹ̀. Ìró yẹn là ń retí."

Ó mú aṣọ rẹ̀, ó lọ. Èmi jókòó sídìí ẹrù mi, mi ò mọ ìgbà tí oníbàárà kan ń bi mí lówó aṣọ. Ohun tí ọkọ mi ti ń wá kiri ti bọ́ sọ́wọ́ mi, mi ò sì fẹ́ ẹ. Mo mọ irú èèyàn tó jẹ́. Tí mo bá sọ fún un, ó máa padà sórí Àgbà, á tún máa gbé ẹsẹ̀ yẹn lé kíìkì lẹ́yìn gbogbo abúlé, títí ọjọ́ tí yóò tún ta á padà. Tí mi ò bá sì sọ, ara gbígbóná ọmọ yẹn ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Ẹ̀rù bà mí, mo sì tún bínú sí Susannah pé kí ló dé tí kò gbé ẹnu ẹ̀ lọ síbòmíràn.

Mo pinnu pé mo máa pa á mọ́ra. Oṣù kú díẹ̀ kó parí, kó mú Àbúrò, kí ọ̀rọ̀ tán. Ká ní orí Àgbà la wà lọ́jọ́ yẹn ni, ǹ bá rí ariwo fara pa mọ́ sí. Ṣùgbọ́n Àbúrò ń lọ jẹ́jẹ́, ọkọ mi sì ń gbọ́ gbogbo èémí mi lẹ́yìn.

"Kí ló ṣe ẹ́?" ó bi mí. "O ò tíì sọ̀rọ̀ látìgbà tá a ti kúrò lọ́jà."

Mo ní kò sí nǹkan kan. Ó ní, "Ìyá Àdíját." Bó ṣe pè mí yẹn, mi ò lè purọ́ fún un. Mo bá sọ gbogbo ẹ̀.

Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó pa ẹ́ńjìnnì. Mo rò pé yóò bínú. Ojú ẹ̀ ń tàn bí ojú ọmọ tó rí ìtẹ́ ẹyẹ.

"Ìró," ó ní. "Ṣé o rí i, wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́, ó ní òkè lẹ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Èmi ń yẹ omi wò, mi ò yẹ ara mi wò."

"Ẹ má pe amúkùn-ún níwájú mi," mo ní. "Ẹ máa fi Àbúrò fun fèrè. Wọ́n á gbọ́ yín."

"Gbogbo lọ́rì tó ń kó kòkó ló ń fun fèrè. Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ tèmi yàtọ̀?" Ó tún ronú. "Àti pé ẹnu Susannah nìkan la gbọ́ ọ. Mo máa fojú ara mi rí i."

Ẹ wá wo iṣẹ́ tí ọkọ mi ṣe. Ní ọjọ́ mẹ́ta sígbà náà, ó bọ́ kákí, ó wọ dàńṣíkí tó ń wọ̀ lọ kírun, èmi àti ẹ̀ wọ lọ́rì lọ sí Ìfẹ́wàrà. A lọ jókòó sẹ́yìn ilé ìdáná àwọn Susannah, níbi tí ojú ti lè tó agboolé mẹ́rin. Susannah nìkan ló mọ̀ pé a wà níbẹ̀, ó sì ṣèlérí pé òun ò ní sọ. Olúmúyìwá ló máa gun Àgbà bọ̀ láti Iléṣà, ọkọ mi ti kìlọ̀ fún un pé kó má dúró, kó kàn la ìlú kọjá.

A jókòó. Àwọn obìnrin ń ṣe tiwọn. Ọ̀kan ń yan gaàrí, ìkejì ń di irun ọmọ. Ọkọ mi ti ń na ọrùn wo àmù tó wà nítòsí wa, ó ní òun ń rí tanwíjí níbẹ̀. Mo ní kó jókòó.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ, ní ọ̀nà jíjìn réré, lẹ́yìn òkè. Gbùú, gbùú. Ó lọ sílẹ̀, ó tún dìde. Ìyá tó ń yan gaàrí gbórí sókè, ó ní, "Ó ti padà." Kò pariwo ẹ̀. Ó kàn gbé igbá gaàrí sílẹ̀, ó lọ sídìí àmù. Ẹni tó ń dirun fi ọmọ sílẹ̀ tòun ti irun ààbọ̀. Láti agboolé dé agboolé ni mò ń gbọ́ omi tó ń dà, kànìnkànìn tó ń ha inú ìkòkò, agolo tí wọ́n ń dojú ẹ̀ délẹ̀. Ìyá arúgbó kan tí kò lè dìde ń fi ọ̀pá tọ́ka sí abọ́ tó wà lábẹ́ ọ̀sọ́rọ̀, wọ́n sì bá a dà á nù. Gbogbo ẹ̀ ti tán kí Olúmúyìwá tó yọ. Ó sọ gbùú gba ojúde kọjá, eruku sọ lálá, kò wo ẹnikẹ́ni.

"Kò dúró," ni ẹnìkan wí. "Ó ti lọ ná." Wọ́n mú garawa, wọ́n lọ pọn omi tuntun.

Mo wo ọkọ mi. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú ẹ̀.

"Gbogbo ọdún wọ̀nyí," ó ní, "mo rò pé èmi ni mò ń ṣiṣẹ́."

Nílé, mo sọ tèmi. Mo ní ẹsẹ̀ ńkọ́? Mo ní ṣé nítorí àmù elòmíràn ni yóò ṣe máa fi ọ̀pá rìn ní Iléṣà? Mo sunkún, mi ò fi bò. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Kóòtù ń kún, àwọn ọmọ ń ṣàìsàn," ó ní. "Èwo nínú méjèèjì ni wọ́n gbà mí síṣẹ́ fún? Ká ní mo ń ṣọdẹ wọn ni, Àbúrò ni mo máa mú. Kí àmù mọ́ ni mò ń wá."

Ọjọ́ tí oṣù parí, ó fọwọ́ sí Àgbà. Silas wá láti Òṣogbo, ó gbé Àbúrò lọ, ẹ̀rín kún ẹnu ẹ̀. Mo wò ó títí ó fi yà, mi ò kí i pé ó dàbọ̀.

Ọjọ́ ọjà tó kàn, Olúmúyìwá ló bá wa tẹ kíìkì nílé. Èmi náà ti gbìyànjú ẹ̀ ṣáájú, ó sọ mí sílẹ̀ gbì. A dé Ìfẹ́wàrà, gbogbo àmù mọ́ tónítóní, ọkọ mi ń wọlé ó ń jáde bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Àmù Susannah ló yẹ̀ wò kẹ́yìn. Ó ní ó mọ́. Lẹ́yìn náà ó rìn lọ sídìí alùpùpù, ó di ọwọ́ ẹ̀ mú, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé kíìkì. Mo rí i tó di eyín pọ̀. Mo ní, "Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n tún gbìyànjú."

Susannah ló tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ti fi ọ̀já di aṣọ ìró ẹ̀ mọ́ ìdí.

"Ẹ kúrò níbẹ̀, bàbá," ó sọ fún ọkọ mi.

"Iṣẹ́ ọkùnrin ni."

"Iyán ni mo fi ń lágbára, kì í ṣe irùngbọ̀n. Ẹ kúrò."

Ó tẹ̀ ẹ́, Àgbà ta á padà, ó fi í ré. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, Àgbà bú jáde, adìẹ sá, àwọn obìnrin tó ti ń wò wá pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní kí wolé-wolé máa lọ kíá, àwọn níṣẹ́ láti ṣe. Ọkọ mi dúró síbẹ̀ pẹ̀lú kákí ẹ̀. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ èèyàn tí òun ti mú lọ sí kóòtù.

"Ìwọ ló yẹ kó o máa bínú sí mi," ló rí sọ.

"Mò ń bínú," Susannah ní, ó ń pariwo kó lè gbọ́ ọ. "Àmọ́ bí ẹsẹ̀ yín bá dá, ta ni yóò máa rán mi létí?"

Láti ọjọ́ náà títí tó fi fẹ̀yìn tì, kò tún fi ẹsẹ̀ yẹn tẹ kíìkì ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà mọ́. Abúlé yòówù tó bá wọ̀, ẹni tó bá yẹ àmù ẹ̀ wò kẹ́yìn ló máa bá a tẹ̀ ẹ́.